Wíwú Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Ti Lọ, Ìrora Ṣì Kù: Ṣé Gout Náà Kò Tíì Kúrò Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ẹni ọdún 54 ni mí, aṣọ ni mo ń rán ní Ìbàdàn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sẹ́yìn, ìrora kan jí mi lóru. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wú, ó pọ́n, n kò sì lè jẹ́ kí aṣọ ìbora kàn án. Wọ́n ní gout ni, àrùn oríkèé tí uric acid, ìdọ̀tí kan inú ẹ̀jẹ̀, máa ń fà bí ó bá pọ̀ jù, ṣùgbọ́n uric acid tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì jẹ́ 5.9, wọ́n ní kò ga. Mo lo diclofenac, oògùn ìrora, wíwú náà sì lọ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní allopurinol oní mílígíráàmù 300, oògùn tó ń dín uric acid kù. Nígbà tí mo lò ó dé ọjọ́ kọkànlá, ẹsẹ̀ náà tún gbóná, mo bá dá a dúró. Láti ìgbà náà kò wú mọ́, ṣùgbọ́n oríkèé náà ń dùn mí láàárọ̀ àti nígbà tí mo bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, diclofenac ni mo sì fi ń tì í. Mo ń lo Moduretic fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀wà àti ẹran. Ìyàwó mi ní mo tẹ oògùn. Ṣé gout náà kò tíì lọ ni, àbí nǹkan mìíràn ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá mọ àrùn náà dáadáa, a jẹ́ pé gout ṣì wà nínú oríkèé yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé wíwú ti lọ, ó sì ṣeé ṣe kí oríkèé yẹn gan-an ti máa gbó kí gout tó dé bá a. Ìtọ́jú ọ̀kan kì í wo èkejì sàn, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ mọ èyí tó ń dùn yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àkókò. Ìkọlù gout tí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ tọ́jú máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn rẹ̀, awọ ibi tó wú lè máa yúnni kí ó sì máa bó, oríkèé náà sì lè máa dùn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láìsí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrora tó ṣì ń wá lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ti kọjá ohun tí mo lè ní kí ẹ máa mú mọ́ra. Ó ní ohun tó ń fà á, a sì lè wá a rí.

Ara wa fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú uric acid, oúnjẹ kàn ń fi tirẹ̀ kún un ni, kíndìnrín sì ni ó ń kó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ dànù. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó ní gout, kì í ṣe pé ara ń ṣe é ní àṣejù, kíndìnrín ni kò kó o jáde tó. Nígbà tí ó bá ti ju nǹkan bí 6.8 mg/dL lọ, kò lè yòrò tán sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ tí a dà jù sínú ife omi ṣe máa ń sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ife. Ohun tó ṣẹ́ kù a wá dì, a di èérún tó rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, tí ojú lásán kò lè rí, a sì fi inú oríkèé ṣe ibùgbé. Ìdí àtàǹpàkò ni ó sábà máa ń yàn, nítorí pé ẹsẹ̀ tutù ju àárín ara lọ, òtútù sì máa ń mú kí èérún náà tètè dì. Àti pé orí oríkèé kékeré yẹn ni ìwúwo wa máa ń gbà kọjá ní gbogbo ìgbà tí a bá gbẹ́sẹ̀, èyí tó ń mú kí ó tètè gbó, oríkèé tó ti gbó ni èérún sì fẹ́ràn jù.

Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ta á jí, bóyá ọtí àríyá, bóyá ààwẹ̀ tí omi fi gbẹ lára, bóyá ẹsẹ̀ tí ènìyàn fi gbá òkúta, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara a ya bò ó, ìjà náà ni ẹ sì rí ní wíwú, pípọ́n àti gbígbóná. Ara fúnra rẹ̀ ni ó máa ń parí ìjà náà, diclofenac sì ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kó èérún kúrò nínú àwọn méjèèjì. Iná ti kú lójú, ògúnná ṣì wà lábẹ́ eérú. Ìdí nìyí tí wíwú fi lè lọ kí ìrora má lọ.

N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ṣe yẹ̀yẹ́. Àrùn tó bá mú ènìyàn sùn ní àlàáfíà tí ó sì jí i ní aago méjì òru pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, ta ni kò ní rò pé ó tẹ nǹkan? Àmọ́ òru ni àkókò gout jákèjádò ayé, nítorí pé ara máa ń tutù sí i bí a bá sùn, omi inú rẹ̀ sì máa ń dín kù. Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ mọ àrùn yìí dáadáa, wọ́n sì fún un ní orúkọ tó fi hàn pé ẹsẹ̀ ni ó máa ń mú bíi pàkúté.

Nípa 5.9 tí wọ́n sọ fún yín, iye yẹn kò já gout nírọ́. Nígbà tí ìkọlù bá ń lọ lọ́wọ́, uric acid inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà ní 8 ní oṣù tó kọjá lè ka 6 lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ìgbà tó yẹ kí a tún un yẹ̀ wò ni ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí ara bá ti balẹ̀. Ẹ̀yin ti kọjá ìyẹn, nítorí náà ẹ lọ tún un ṣe. Bí ilé àyẹ̀wò tí ẹ lọ bá ń lo òṣùwọ̀n µmol/L, ẹ rántí pé 360 níbẹ̀ ni 6 nínú mg/dL. Ṣùgbọ́n bí iye náà bá ga, ìyẹn nìkan kò tíì fi hàn pé gout ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni uric acid wọn ga tí gout kò mú wọn títí ayé. Ẹ̀rí tó dájú jù lọ ni kí a fi abẹ́rẹ́ fa omi inú oríkèé, kí a sì rí èérún náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ọ̀nà tí àwọn dókítà ará Amẹ́ríkà méjì, Daniel McCarty àti Joseph Hollander, fi hàn ayé ní ọdún 1961. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ń ṣe é, a kì í sì í sábà ṣe é nígbà tí oríkèé kò wú, àmọ́ bí ó bá tún wú lọ́jọ́ iwájú, ẹ béèrè fún un.

Ọ̀rọ̀ allopurinol ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí ẹsẹ̀ yín ṣe gbóná ní ọjọ́ kọkànlá kò fi hàn pé oògùn náà kò bá yín lára mu. Ó fi hàn pé oògùn náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó kàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàǹwára ni. Nígbà tí uric acid bá já wálẹ̀ lójijì, ojú èérún tó ti dì a máa yọ́, a máa tú sílẹ̀ sínú oríkèé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti sinmi a sì tún dìde, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi igi tú ilé agbọ́n. Èyí ni a ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ allopurinol láti mílígíráàmù 100 lóòjọ́, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára, tí a ó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé e sókè ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra wọn, tí a ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, títí uric acid yóò fi wà lábẹ́ 6 tí kò sì ní kọjá ibẹ̀ mọ́. Àwọn kan á dúró ní 300, àwọn mìíràn á nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́, ó dára kí dókítà fi colchicine kékeré, oògùn tó ń dènà ìkọlù gout, tì í lẹ́yìn, mílígíráàmù 0.5 lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí agbọ́n má baà tú. Ẹ kò dárúkọ colchicine nínú ìwé yín, mo sì gbà pé wọn kò fún yín. Colchicine náà ní tirẹ̀: bí ó bá pọ̀ jù, inú a ṣí gan-an, kò sì gbọdọ̀ pàdé clarithromycin, oògùn apakòkòrò kan, lára ènìyàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa kọ ọ́ mọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò.

Ẹni tó bá ti ń lo allopurinol kì í dá a dúró nítorí pé ẹsẹ̀ tún gbóná. Ìkọlù náà ni a ó tọ́jú, oògùn náà yóò sì máa lọ. Ẹ̀yin ti dá a dúró, nítorí náà ẹ má ṣe padà sí 300 fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ kíndìnrín yín wò, kí ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà tí ó gbọ́dọ̀ mú kí ẹ jù ú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: bí ara bá sú, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bí ẹnu bá ń ṣe egbò, tí ojú ń pọ́n, tí ibà sì wọ̀ ọ́. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè pani. Ìtọ́sọ́nà tí àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2020 dámọ̀ràn pé kí a yẹ àbùdá kan tó ń jẹ́ HLA-B*5801, èyí tó ń mú kí ewu yìí pọ̀ sí i, wò lára àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ allopurinol, nítorí náà àwọn ìbátan wa tó wà lọ́hùn-ún lè béèrè fún un.

Ẹ ó béèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Èérún tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dì kì í yọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí uric acid bá wà lábẹ́ 6 láìyẹsẹ̀, ìkọlù a máa dín kù láti oṣù dé oṣù, ìrora kékeré tó ń wá láàárọ̀ náà a sì máa lọ, ṣùgbọ́n ó lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí oríkèé tó mọ́ tán. Àwọn tí èérún ti di kókó líle lábẹ́ awọ wọn ni a máa ń sọ uric acid kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 5 fún, kí ó lè yára.

Moduretic tí ẹ ń lò ní hydrochlorothiazide nínú. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ ni, ó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí kíndìnrín dá uric acid padà sínú ẹ̀jẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ jù ú nù, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ní olùtọ́jú burú ju gout lọ fíìfíì. Ẹ bi dókítà yín bóyá ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Losartan, fún àpẹẹrẹ, máa ń dín uric acid kù díẹ̀ bí ó ṣe ń mú ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀.

Wàyí o, oríkèé náà fúnra rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orúnkún òsì, kí ẹ rọra fi ọwọ́ tẹ àtàǹpàkò náà sókè, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti ẹsẹ̀ kejì. Bí ti ọ̀tún kò bá gòkè tó ti òsì, tí ó sì dùn yín ní òpin ibi tó lè dé, tí ẹ sì fọwọ́ kan egungun kan tó yọ gọ́ńgọ́ lórí oríkèé náà, egungun tó gbó ni ẹ fi ọwọ́ kàn yẹn, kì í ṣe wíwú gout. Ìrora rẹ̀ máa ń wá nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ fi orí ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ síwájú, ìyẹn ìṣísẹ̀ tí ẹ̀yin ń ṣe lórí ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ oríkèé náà, ní àtẹ́lẹsẹ̀, ni ó ń dùn bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, àwọn egungun kékeré méjì kan wà níbẹ̀ tí wọn kò ju ẹ̀wà lọ, tí iṣan àtàǹpàkò ń gbà lórí wọn. Títẹ nǹkan lójoojúmọ́ máa ń dá wọn lágara, ó sì lè mú kí wọ́n sán. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni ó ń ta yín bí iná, tàbí tí àwọn ìka tó kù ń kú tipiri, iṣan ìmọ̀lára ni mo fura sí, àtọ̀gbẹ sì ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Ẹ tún wo àkókò tí ìrora ń wá. Gout kò bìkítà fún iṣẹ́. Ó lè bá ni lórí ibùsùn. Oríkèé tó gbó ní tirẹ̀ máa ń le díẹ̀ láàárọ̀, kì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ó máa ń dùn bí a bá lò ó, ó sì máa ń dẹwọ́ bí a bá sinmi. Ohun tí ẹ ṣàlàyé jọ èyí ju ti gout lásán lọ, mo sì gbà pé ọwọ́ àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀. X-ray tí a yà nígbà tí ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ náà yóò fi gbígbó hàn, ṣùgbọ́n kò ní fi gout tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ hàn. Ultrasound lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ni ó lè rí èérún tó tẹ́ sórí egungun rírọ̀ tó bo ojú egungun inú oríkèé.

Fún apá ti gbígbó, bàtà ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ wọ èyí tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ le tí kì í tẹ̀ kọdọrọ ní iwájú, tí ibi ìka rẹ̀ sì fẹ̀. Sálúbàtà rọ́bà pẹlẹbẹ tí a máa ń wọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ni ó burú jù fún oríkèé yìí. Ẹ fi àárín ẹsẹ̀ tàbí gìgísẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà, kì í ṣe orí ìka, tàbí kí ẹ lo ẹsẹ̀ òsì fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀ lè de mọ́tò mọ́ ẹ̀rọ náà. Bí ó bá ń dùn lálẹ́, ẹ fi aṣọ wé omi dídì kí ẹ gbé e lé e fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa àtàǹpàkò náà, kí ó sì ní òun ń dá a padà sí àyè rẹ̀.

Diclofenac tí ẹ ṣì ń lò láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń dá egbò sí inú ikùn, ó sì ń dẹ́rù pa kíndìnrín, pàápàá lára ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, kíndìnrín yìí kan náà ni a sì ń bẹ̀ pé kó bá wa kó uric acid dànù. Paracetamol sàn fún ìrora ojoojúmọ́ títí ẹ ó fi rí dókítà. Àgbo làkúrègbé tó bá mú ìrora lọ láàárín wákàtí kan yẹ kó kọ yín lóminú, torí pé nínú irú èyí ni a ti máa ń bá prednisolone tàbí dexamethasone, àwọn oògùn steroid líle, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ìgò.

Ẹ padà sí ẹ̀wà yín. Lóòótọ́ ni ó ní purine, ohun tí uric acid ń ti ara rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ kò rí i pé purine inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ń fa gout bí ti ẹran. Àwọn tó yẹ kí ẹ dín kù ni ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ẹran pupa tó pọ̀ lápọ̀jù, sadíìnì àti edé. Bíà ni ó léwu jù nínú gbogbo ọtí, ọtí líle tẹ̀ lé e, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó kún fún ṣúgà kò sì jìnnà sí wọn. Síbẹ̀, oúnjẹ nìkan kì í sábà mú uric acid wálẹ̀ ju nǹkan bí 1 mg/dL lọ, nítorí náà ẹ má ṣe fi ebi jẹ ara yín níyà, àti pé ààwẹ̀ gbígbẹ láìmu omi lè ta ìkọlù jí.

Bí oríkèé náà bá tún gbóná tí ibà àti òtútù sì dà pọ̀ mọ́ ọn, tàbí tí pípọ́n rẹ̀ ń gùn sókè lọ sí ọrùn ẹsẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kòkòrò àrùn lè wọ inú oríkèé kí ó sì jọ gout bí ìbejì, ó lè jẹ egungun láàárín ọjọ́ díẹ̀, ewu rẹ̀ sì pọ̀ sí i fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó ìwé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ dání, kí ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo, kí ẹ sì béèrè fún uric acid, creatinine (àyẹ̀wò kíndìnrín), ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àti x-ray ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ wọ bàtà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lọ, kí dókítà lè wo ibi tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti jẹ.